Ẹ Má Fi Kẹ̀kẹ́ Wáyà Dáná: Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Tábìlì, Pẹpẹ Ìwé àti Ìjókòó

Igi tí mo rí lábẹ́ ìkòkò ẹlẹ́kọ kan ládùúgbò Under G, nítòsí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló mú kí n kọ èyí. Pákó funfun tó gbẹ dáadáa, tí wọ́n gé etí rẹ̀ roboto, tí ojú ihò bóòtù ṣì hàn lára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wáyà ni. Wọ́n ti fi àáké là á sí wẹ́wẹ́. Ó dùn mí gan-an, torí iṣẹ́ tó lè gba kápẹ́ńtà ní odindi ọjọ́ méjì ti wà lára igi yẹn kí wọ́n tó là á. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti tò ó, wọ́n ti fi bóòtù dè é, ó sì ti ru ẹrù wáyà tó wúwo ju ohunkóhun tí a máa gbé lé e nínú ilé lọ.

Kẹ̀kẹ́ wáyà ni èmi ń pè é. Àwọn kan ń pè é ní róòlù, àwọn mìíràn ní dírọ́ọ̀mù. Ẹ ti rí róòlù òwú lọ́wọ́ télọ̀ rí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, àmọ́ òun lè ga tó ọmọdé, ó sì lè ga ju àgbàlagbà lọ. Ojú méjì ló ní, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ, ìlù kan sì wà láàárín wọn tí wọ́n ń wé wáyà mọ́. Pákó tóóró tóóró ni wọ́n tò yípo tó fi di ìlù yẹn. Àwọn bóòtù gígùn ló so ojú méjèèjì pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ihò ńlá kan sì wà láàárín gbùngbùn.

Mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún yín torí pé ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹ má tètè tú kẹ̀kẹ́ wáyà. Bí wọ́n ṣe kàn án yẹn ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú u yóò wá rí i pé pákó páìnì lásán ló kù lọ́wọ́ òun, páìnì kò sì le bí àpá tàbí ìrókò. Ẹ jẹ́ kí ó dúró odindi, kí ẹ wá ronú ohun tí odindi rẹ̀ lè dà.

Bí a ṣe ń rí i àti bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ibi tí wọ́n bá ti ń fa wáyà iná ńlá, tàbí tí wọ́n ti ń ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ni ẹ ó ti rí i. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n lè fi í sílẹ̀ sínú koríko. Pé ó wà nínú koríko kò ní kó má lólúwa o. Ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń gba òfìfo rẹ̀ padà. Ẹ wá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ẹ kí i dáadáa: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ṣì máa lo èyí?” Bó bá ní kí ẹ máa gbé e lọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sí bébà kékeré kan fún yín, kí ẹni tó bá pàdé yín lọ́nà má baà rò pé ẹ jí wáyà. Àwọn tó ń ra irin àlòkù náà lè ní i, àmọ́ ẹ ó ná an.

Kí ẹ tó sanwó tàbí kí ẹ tó dúpẹ́, ẹ wo ara igi náà fún òǹtẹ̀. Wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n jó o sí ojú pákó: àwòrán ṣírí àlìkámà kan, lẹ́tà IPPC lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà méjì tó ń tọ́ka orílẹ̀-èdè tí igi ti wá, àti lẹ́tà méjì mìíràn. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ wò dáadáa. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi tọ́jú igi náà, tí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún gbóná dé 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún 30 ìṣẹ́jú kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ìyẹn dára, ẹ lè gbé e wọ pálọ̀. Bí ẹ bá rí MB, gáàsì olóró ni wọ́n fi fín kòkòrò inú rẹ̀. Èmi kì í gbé ìyẹn wọlé, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọdé jẹun lórí rẹ̀. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀ kankan, ìta ni kó máa gbé. Èyí tí ọ̀dà dúdú tàbí òróró bá ti rin wọnú igi rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí sáńpépà tó lè mú òórùn yẹn kúrò.

Gbígbé e délé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ọmọlanke ló dára jù fún èyí tí kò tóbi púpọ̀, pick-up fún àgbà wọn. Bí ẹ bá fẹ́ yí i lórí ilẹ̀, kí ẹni méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kẹta tí yóò máa fi dí i nígbàkígbà tí ẹ bá dúró sinmi. Ẹ wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

Ìtọ́jú igi: ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú

Ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó gbẹ. Bí òjò bá ti ń rin ín bọ̀ láti oṣù mélòó kan, ẹ fi kún un. Ọ̀dà tí a bá kùn sórí igi tútù yóò wú, yóò sì bó.

Lẹ́yìn náà, ìṣó. Ara kẹ̀kẹ́ wáyà kún fún ìṣó, torí pákó ìpele méjì ni wọ́n sábà ń kàn mọ́ra láti fi ṣe ojú rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán wá a. Ẹ mú àkísà kan, aṣọ ìlékè tó ti gbó ló dára jù, kí ẹ fi nu gbogbo ojú igi náà jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ibi tí àkísà bá ti kọ́, ìṣó tàbí ẹ̀rún igi wà níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Bí ẹ bá nu ún tán, ẹ ó rí i pé àmì funfun ti kún ojú rẹ̀. Èyí tó bá yọrí, ẹ fà á yọ. Èyí tí kò ṣeé fà, ẹ fi ìṣó ńlá kan tí ẹ ti gé ẹnu rẹ̀ lé e lórí, kí ẹ fi òòlù lù ú wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi rì díẹ̀ sínú igi.

Bóòtù ló kàn. Bí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà, ẹ da òróró díẹ̀ sí i kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá fi sípánà fún un le. Bí bóòtù bá yọ ẹnu jù lókè, ẹ fi ayùn irin gé e, kí ẹ fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fi orúnkún gbá ẹnu bóòtù lóru kò ní gbàgbé.

Sáńpépà: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 60, torí igi yìí kì í dán láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 120. Bó bá jẹ́ tábìlì inú ilé, kí ẹ fi 220 parí rẹ̀. Bí igi ṣe gùn ni kí ẹ máa fà á, kì í ṣe ní ìdábùú. Ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ sì ṣe é níta. Ẹ má da ìyẹ̀ igi tó ń bọ́ sílẹ̀ nù. Bí ẹ bá pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù igi títí yóò fi ki bí àmàlà, òun gan-an ni ẹ ó fi dí ojú ihò ìṣó àti àlàfo tó wà láàárín pákó. Ó máa ń sún mọ́ àwọ̀ igi ju ohun tí wọ́n ń tà nínú agolo lọ. Bó bá gbẹ, ẹ tún fi sáńpépà pa á.

Ní ti ikán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Tábìlì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, abẹ́ igi máńgòrò ni mo gbé e sí. Mo kun orí rẹ̀, mo kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dán. Mo gbé e lé ilẹ̀ lásán. Òjò ọdún kan péré ló rí. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gbé ìlàjì àpò gàrí lé e, ìdí rẹ̀ sì wọlé pẹ̀ẹ̀ bí àkàrà tó rọ̀. Nígbà tí a dojú rẹ̀ dé, a rí ọ̀nà erùpẹ̀ tí ikán mọ láti ilẹ̀ gba inú ìlù lọ sókè. Wọ́n ti jẹ gbogbo abẹ́ rẹ̀ tán, ọ̀dà orí rẹ̀ kò sì hó rárá. Bàbá kápẹ́ńtà tó wà ní ìsọ̀ kejì dé, ó wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, orí lo kùn. Ìdí ni ikán ń gbà wọlé.”

Láti ìgbà náà, ìdí ni mo kọ́kọ́ ń tọ́jú. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn ikán sí abẹ́ rẹ̀ àti inú ihò àárín, ẹ̀ẹ̀mejì, kí èyí àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó fi èkejì lé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Ọ̀pọ̀ ń lo òróró ẹ́ńjìnì tó ti dúdú. Èmi ò fọwọ́ sí i fún ohun tí a máa jẹun lórí rẹ̀ tàbí tí ọmọdé máa fara kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá fọganáísà, ẹ gba táyà àlòkù, ẹ gé e sí mẹ́rin, kí ẹ kàn án mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìta ni yóò wà, ẹ gbé e lé bíríkì kó ga tó 3 íǹṣì kúrò nílẹ̀. Gíga yẹn kò ní kí ikán má wá o, àmọ́ ojú yín yóò máa rí ọ̀nà erùpẹ̀ wọn kó tó dé ara igi, ẹ ó sì gbá a dànù.

Tábìlì, àti agboòrùn oní-POS

Ohun tó rọrùn jù láti fi kẹ̀kẹ́ wáyà ṣe ni tábìlì, torí bí ẹ bá ti fi ojú rẹ̀ kan lélẹ̀, tábìlì ti dé nìyẹn. Gíga rẹ̀ ni yóò sọ irú tábìlì tó jẹ́. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tí ó bá tó nǹkan bí 18 íǹṣì, àárín pálọ̀ ló yẹ. Tí ó bá tó nǹkan bí 30 íǹṣì, tábìlì ìjẹun ni. Èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 36 íǹṣì yóò gba èèyàn mẹ́rin yípo láìfún ara wọn. Bó bá kéré sí ohun tí ẹ fẹ́, ẹ kan ẹsẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Bó bá ga jù, ẹ má gé ìlù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tábìlì ìdúró, tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì tàbí oní-POS lè máa lò.

Fáníṣì ni mo fẹ́ràn fún inú ilé, torí ó ń jẹ́ kí ojú igi hàn. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta tín-ín-rín, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tó ki. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ fi sáńpépà 220 ra á lórí fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ tó tún kùn. Nígbà òjò, ó lè pẹ́ kó tó gbẹ, ó sì lè funfun bí èéfín. Nígbà ọyẹ́, ó ń gbẹ kíá, àmọ́ eruku Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní jẹ́ kó gbádùn. Àárọ̀ kùtù, nínú yàrá tí ẹ ti wọ́n omi sílẹ̀ rẹ̀, ni kí ẹ kùn ún.

Ihò àárín yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ba tábìlì jẹ́. Èmi rò pé òun gan-an ló níyì jù fún ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ wo àwọn oní-POS láti Tákíè títí dé ẹnu ọ̀nà LAUTECH: agboòrùn ńlá kan, ìdí sìmẹ́ńtì kékeré kan, atẹ́gùn ìbẹ̀rẹ̀ òjò a sì gbé méjèèjì ṣubú. Bí ẹ bá ti ọ̀pá agboòrùn bọ ihò tábìlì yìí, ibi méjì ni yóò ti dì í mú, lókè àti nísàlẹ̀, gbogbo ìwúwo igi náà yóò sì wà ní ìdí rẹ̀. Ihò náà sábà máa ń fẹ̀ ju ọ̀pá lọ. Ẹ ra páìpù rọ́bà tí ọ̀pá agboòrùn lè wọ̀ ṣáká, kí ẹ gé e kó gùn dé ilẹ̀, kí ẹ fi èèkàn igi há a mọ́ inú ihò lókè àti nísàlẹ̀ títí kò fi ní mì mọ́. Bí atẹ́gùn bá le, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ pa agboòrùn dé.

Inú ìlù náà ṣófo, ẹ lè máa kó ọjà sí i. Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, kì í ṣe kó jáde tán, kí ẹnì kan gbé ojú òkè sókè díẹ̀, bí ìdajì íǹṣì, kí ẹ yọ pákó ìlù méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Bí ìṣó bá dì í mú, ẹ fà á yọ kọ́kọ́. Kí ẹ wá tún fún nọ́ọ̀tì náà le. Ẹ kan àwọn pákó tí ẹ yọ mọ́ ara wọn, ẹ fi híńjì kékeré méjì so ó gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹ má yọ ju mẹ́ta lọ, torí àwọn pákó yẹn ló ru orí tábìlì.

Pẹpẹ ìwé fún ọmọ iléèwé

Èyí jẹ mí lọ́kàn nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilẹ̀ yàrá wọn kún fún ìwé. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kọ́kọ́: bí ojú kẹ̀kẹ́ bá fẹ̀ tó 36 íǹṣì, tí ìlù rẹ̀ sì jẹ́ 18, àyè 9 íǹṣì ló kù yípo, ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé ló sì máa wọ inú 9 íǹṣì. Ẹ wọn gíga àlàfo láàárín ojú méjèèjì ní ibi mẹ́rin, torí kì í dọ́gba. Ẹ gé pákó mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ibi tirẹ̀ mu, kí ẹ fi wọ́n dá àyè náà sí mẹ́rin. Sukúrúù ni kí ẹ fi dè wọ́n láti òkè àti láti abẹ́, ẹ fi dírílì lu ihò rẹ̀ ṣáájú kí pákó má baà là. Bí ẹ bá kan táyà kékeré mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀, ẹ lè jókòó sójú kan kí ẹ máa yí i wá ìwé tí ẹ fẹ́. Kí méjì nínú táyà náà ní bíréékì.

Ìjókòó, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́

Àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké, tó ga tó 16 sí 18 íǹṣì, àpótí ìjókòó ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn a kan fóòmù àti ańkárá mọ́ ọn lórí, ó sì dára. Àmọ́ àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ ti ń ṣe tìmùtìmù tipẹ́, awọ aláràbarà tí wọ́n rán roboto. Ẹ wọn ojú kẹ̀kẹ́ yín pẹ̀lú okùn yípo, ẹ mú okùn náà tọ̀ wọ́n lọ, kí wọ́n rán èyí tó bá a mu. Kò ní sí ìdí láti kàn án mọ́lẹ̀. Ẹ kan ọ̀já awọ mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ so ó mọ́ ìlù, kí ẹ lè tú u nígbà tí ẹ bá fẹ́ nù ún. Ẹ má fi omi fọ awọ o, àkísà gbígbẹ ló tó.

Ní ti ewébẹ̀, mo ti rí ẹni tó da iyẹ̀pẹ̀ sínú ìlù kó lè gbin tẹ̀tẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jẹrà. Ẹ fi í gbé agolo ẹ̀fọ́ àti efinrin lé lórí, ó tó bẹ́ẹ̀. Adìyẹ náà fẹ́ràn láti sùn lórí èyí tó dùbúlẹ̀, bó bá jẹ́ HT, tí ẹ sì ti fi òkúta dí i kó má yí.

Tábìlì ayò

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni mo fi sẹ́yìn. Ẹ má gbẹ́ ihò ayò sí ojú kẹ̀kẹ́ wáyà o. Ìṣó tó wà láàárín ìpele méjì yẹn yóò ba irin ìgbẹ́gi yín jẹ́. Ọpọ́n ayò ni kí ẹ gbé lé e, pẹ̀lú ihò rẹ̀ méjìlá àti ọmọ ayò 48, kí àyè wà yípo fún àwọn òǹwòran láti gbé ọwọ́ lé. Dírááfù ni ẹ lè yà sójú igi náà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dí ihò àárín: ẹ kan pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ ihò náà, ẹ gé igi roboto tó bá ihò mu, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lórí pákó yẹn, kí ẹ fi ìyẹ̀ igi àti gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀, kí ẹ fi sáńpépà pa á dọ́gba. Ẹ wọn 20 íǹṣì sí 20 íǹṣì ní àárín gbùngbùn, ẹ pín in sí 2 íǹṣì 2 íǹṣì, yóò fún yín ní ilé mẹ́wàá sí mẹ́wàá, bí a ṣe ń ta á níbí. Ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ẹ fẹ́ kùn ní dúdú kí ọ̀dà má ṣàn wọ funfun, kí ẹ sì ká a kúrò kí ọ̀dà tó gbẹ tán. Nígbà tó bá gbẹ, fáníṣì lẹ́ẹ̀mejì lórí gbogbo rẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí ẹnikẹ́ni tó tò ọmọ dírááfù sí i, torí fáníṣì tí kò tíì le yóò lẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ, ẹni tó bá sì ń jẹ méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan yóò fà á ya.